Àmáànà Méjì Lórí Àyà Kan: Ẹ̀tọ́ Àwọn Ìbejì tí Oṣù Wọn Kò Pé

Ìbéèrè kan wà tí áfáà tó bá lọ bẹ aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn kì í tètè gbọ́, àfi bí ó bá jókòó pẹ́. Bàbá àwọn ìbejì tí oṣù wọn kò pé ni ó máa ń béèrè rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sì fi ń béèrè rẹ̀: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí òun bá fa ọkàn sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lára èyí tí àwọn dókítà ń bẹ̀rù fún, kí ọgbẹ́ náà má baà jìn jù bí Ọlọ́hun bá gbà á? Ìyá wọn a máa béèrè tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Omi ọmú tí òun rí fún lónìí kò tó ẹni méjì. Ta ni kí òun kọ́kọ́ fún, èyí tí ara rẹ̀ le ni tàbí èyí tí ara rẹ̀ kò le? Lójú ẹni tó ń gbọ́ lókèèrè, ìbéèrè méjì ni. Èrò tiwa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹyọ kan ni, pé ọ̀rọ̀ àmáànà ni gbòǹgbò rẹ̀, àti pé ẹ̀tọ́ ọmọ kì í dúró de ìgbà tí a bá mọ̀ dájú pé yóò yè.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á kalẹ̀, ni èyí tí a bí kí oyún rẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.4 irú wọn ni a bí káàkiri ayé ní ọdún 2020. Oyún ìbejì kì í sábà pẹ́ nínú tó ti ọmọ kan, nítorí náà ilẹ̀ tí ìbejì bá ti pọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń kan ilé púpọ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí ìbejì ti pọ̀ jù lọ láyé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ iyàrá àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Kánò, ní Àbújá tàbí ní Kumasi yóò bá àwọn òbí tó ń sọ onírúurú èdè, tí ojú wọn sì jọra.

Ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 28 lè má wọ̀n ju kìlógíráàmù kan lọ. Kò tíì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Èémí rẹ̀ a máa dúró lójijì, nọ́ọ̀sì a sì fi ìka kàn án ní ẹsẹ̀ kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Kò tíì lè fa ọmú, kí ó gbé e mì, kí ó sì mí papọ̀, nítorí pé ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 kí ọmọ tó mọ èyí ṣe. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń kì gba imú tàbí ẹnu rẹ̀ lọ sí ikùn. Ìyá rẹ̀ a máa fi ọwọ́ fún omi ọmú sínú ife ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Èyí lè gba oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe àìsàn ọjọ́ mẹ́ta tí a lè fi gbólóhùn "ẹ mú sùúrù" bá àwọn ènìyàn kẹ́dùn kí a sì máa lọ. Ìgbé ayé ni, ó ní ìdájí tirẹ̀ àti alẹ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò bá ẹni tó wà nínú rẹ̀ sọ.

Àwọn ẹni ìṣáájú ti ronú lórí irú ọmọ báyìí ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. Sūratul-Aḥqāf, ní āyah kẹẹ̀ẹ́dógún, ka oyún àti ìjáwọ́ lẹ́nu ọmú papọ̀ sí ọgbọ̀n oṣù. Sūratul-Baqarah, ní āyah 233, sì fi ọdún méjì pípé sí ìfọ́mọlọ́mú. Bí a bá yọ oṣù mẹ́rìnlélógún kúrò nínú ọgbọ̀n, mẹ́fà ni yóò kù. Àlàyé yìí ni Imām Mālik gbà wá nínú Muwaṭṭa' rẹ̀ láti ẹnu ‘Alī, nígbà tí wọ́n gbé obìnrin kan tó bímọ ní oṣù mẹ́fà wá síwájú ‘Uthmān. Ẹ̀sùn àgbèrè ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà yọ, kì í ṣe ìtọ́jú ọmọ. Síbẹ̀, ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé òfin ti gba ọmọ oṣù mẹ́fà ní ọmọ bàbá rẹ̀, ní ìgbà tí kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè gbà á là.

Bákan náà ni Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, ẹni tó kú ní ọdún 996, tí Risālah rẹ̀ sì jẹ́ ìwé tí ọ̀pọ̀ wa fi wọ inú ìmọ̀ òfin ní ilé kéwú. Ó gbé ẹ̀tọ́ ọmọ tuntun lé igbe rẹ̀. Bí ó bá ti ké, yóò jogún, a ó sì jogún rẹ̀. Bí ó bá sì kú, a ó kírun sí i lára. Kò sọ iye tí ó gbọ́dọ̀ wọ̀n. Kò ní kí ó kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ kan láyé. Igbe kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ tínrín bí igbe ọmọ ológbò, lè yí bí a ó ṣe pín ogún odidi ìdílé padà. (Àwọn olùṣàlàyé kan fi mímu ọmú àti àwọn àmì ìyè mìíràn kún igbe yìí. Ó dára kí a rántí èyí lónìí, nítorí ọmọ tí wọ́n ti ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí rẹ̀ kò lè ké kí a gbọ́.)

Bí òfin bá ka ẹni tó lo wákàtí kan láyé sí ẹni pípé, ọ̀nà wo ni bàbá yóò gbà kà á sí ìdajì? Nínú òfin àmáànà, ẹni tí a fi ẹrù pamọ́ sí lọ́wọ́ kì í kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí olówó yóò wá gbà á kí ó tó pinnu bí yóò ti tọ́jú rẹ̀. Bí olówó bá ní ọ̀la ni òun ń bọ̀, èyí kò sọ ẹrù náà di ohun tí a lè gbé síta fún òjò òru òní. Bí a bá sì fún ẹnì kan ní ẹrù méjì, tí ó gbọ́ pé olówó lè tètè wá gba ọ̀kan, ìtọ́jú tí ó jẹ méjèèjì ní gbèsè kò yàtọ̀ síra.

Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn ìtàn Ummu Sulaym, wọ́n sì jàre. Ọmọ rẹ̀ kú nígbà tí ọkọ rẹ̀, Abū Ṭalḥah, kò sí nílé. Àkàwé ohun àyálò tí olówó rẹ̀ wá béèrè ni ó fi la ọ̀rọ̀ náà yé e. Ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ìtàn yìí bá òbí tó jókòó ti ọmọ alààyè wí, pé ohun àyálò ni ọmọ, kí wọ́n má gbé ọkàn lé e jù. A kò rò pé ìtàn náà lè ru ẹrù yẹn. Ẹ wo ìgbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: lẹ́yìn ikú ni. Nígbà tí ọmọ náà ń ṣàìsàn, kò sí ẹni tó ní kí bàbá rẹ̀ fà sẹ́yìn, nítorí nígbà tí ó wọlé, bí ọmọ ti ń ṣe ni ó béèrè. Àkàwé ohun àyálò jẹ́ ìtùnú fún ẹni tí a ti gba ohun náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá lò ó ṣíwájú àkókò, ó di àwáwí fún àìtọ́jú. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàápàá sunkún lórí Ibrāhīm ọmọ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára ọmọ náà, ó sì jẹ́ kí ẹni tí ẹnu yà mọ̀ pé àánú ni omijé náà. Ẹni tó ti fa ọkàn sẹ́yìn kì í ní irú omijé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ dúró sórí ọkàn nìkan. Ní ọdún 1978, ní Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, dókítà Edgar Rey Sanabria rí i pé àpótí ìgbóná tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké sí kò tó, àti pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó papọ̀ sínú ẹyọ kan ń kó àrùn ran ara wọn. Ó ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ wọn sáàárín ọmú, awọ sí awọ, kí wọ́n sì dè é mọ́ra. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ kí ìyá tó gbé e báyìí. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2021 yẹ èyí wò ní ilé ìwòsàn márùn-ún ní orílẹ̀-èdè márùn-ún. Ifẹ̀ wà nínú wọn, Kumasi sì wà nínú wọn. Ọmọ 3,211 ni wọ́n gbà wọlé, tí ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ láti kìlógíráàmù kan, tí kò sì tó 1.8. Nínú àwọn tí a gbé sí àyà lẹ́yìn ìbí láìdúró, ìdá 12.0 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí a ní kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, 15.7 ni. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tí a bá ti bí ọmọ, fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlélógún lójúmọ́.

A kò sọ pé ìfẹ́ ni wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n nínú ìwádìí yẹn. Ìgbóná ara, omi ọmú àti ààbò kúrò lọ́wọ́ àrùn ni. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí àyà ènìyàn wà lábẹ́ ọmọ fún wákàtí mẹ́jọ kí ọkàn tó wà nínú àyà náà sì wà níbòmíràn. Bàbá tó ní kí ó kọ́kọ́ dájú kí òun tó sún mọ́ ọn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín ohun tí ì bá mú un dájú kù.

Orúkọ ni ibi tí ìfàsẹ́yìn yìí ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Lára ibùsùn, a ó rí ìwé pélébé tí wọ́n kọ "Ìbejì kìíní" àti "Ìbejì kejì" sí, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí àwọn àgbà ti ní kí wọ́n má tíì sọ wọ́n lórúkọ. Ohun ìyanu ni èyí ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, níbi tí ìbejì kì í ti í wá sáyé láìlórúkọ. Yorùbá ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Hausa ń sọ tiwọn ní Hassan àti Hussaini, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ-ọmọ Ànábì tí wọ́n fi orúkọ náà jọ kì í ṣe ìbejì, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì ni wọ́n. Wolof ní Adama àti Awa. Akan ní Ata Panyin àti Ata Kakra. Àṣà ti pè wọ́n kí bàbá tó lanu. Ní ti ẹ̀sìn, Ànábì sọ Ibrāhīm lórúkọ ní òru tí a bí i, nítorí náà kò sí ìdí láti máa dúró.

Àkíkà nìkan ni ọjọ́ keje jẹ́ tirẹ̀. Lọ́nà ti Mālik tí ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé, àgbò kan ni fún ọmọ kan, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Méjì ni fún ìbejì, bí agbára bá wà. Kò pọn dandan kí ìyá kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nítorí rẹ̀. Ẹbí lè pa ẹran náà nílé, kí wọ́n sì gbé lára rẹ̀ wá fún àwọn ìyá tó wà ní iyàrá náà. Ohun tí a kò lè fara mọ́ ni kí a sọ èyí tí ara rẹ̀ le lórúkọ, kí a pa ẹran rẹ̀, kí a sì dá ti ìkejì dúró kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò já sí. Ìyá tó wà lórí ibùsùn mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

A wá dé ibi ìpín. Hádíìsì Nu‘mān ọmọ Bashīr kò ṣàjèjì sí olùkàwé: bàbá rẹ̀ fẹ́ ta á lọ́rẹ, ìyá rẹ̀ ní kí Ànábì kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i, Ànábì sì kọ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé àwọn ọmọ yòókù kò gba irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ń fi èyí dá ara wọn lẹ́bi. Wọ́n rò pé bí àwọn bá lo wákàtí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, àwọn jẹ ìkejì ní wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni ti Nu‘mān, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò nílò láti fi wà láàyè. Ohun tó ṣe kókó yàtọ̀. Ẹ wo nọ́ọ̀sì tó ń wọn omi ọmú: ìwọ̀n ara ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà èyí tó tóbi yóò gbà ju èyí tó kéré lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Àwọn Lárúbáwá a máa sọ nípa obìnrin kan tí wọ́n bi léèrè ọmọ tó fẹ́ràn jù, tí ó ní èyí tó kéré ni títí yóò fi dàgbà, àti èyí tó ń ṣàìsàn títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò ran ìyá ìbejì wa lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ló kéré, àwọn méjèèjì ló ń ṣàìsàn.

Ìdáhùn tiwa fún un ni pé, bí omi ọmú rẹ̀ kò bá tó, tí dókítà kò sì rí ìdí mìíràn, kí ó kọ́kọ́ fún èyí tó kéré jù. Omi ọmú ìyá ń dáàbò bo ọmọ kúrò lọ́wọ́ àrùn ìfun kan tó máa ń pa irú àwọn ọmọ báyìí, àwọn tó kéré jù ni àrùn náà sì máa ń dojú kọ jù. Ẹni tí ara rẹ̀ le díẹ̀ lè fi oúnjẹ àtọwọ́dá dí àlàfo tirẹ̀. Èyí kì í ṣe ojúsàájú. Yóò di ojúsàájú bí wọ́n bá gba ohun tó jẹ́ ẹ̀mí èyí tó le lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n rò pé líle rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ láìsí ìtọ́jú. A ti rí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ojú máa ń kúrò lára rẹ̀ kí àrùn tó wọlé.

Ní ti àyà, ìyá nìkan kọ́ ló ní in. Àyà bàbá kò ní omi ọmú, ṣùgbọ́n ó ní ìgbóná, ìlànà ìtọ́jú náà sì gba bàbá àti ẹbí láyè. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn wa kì í jẹ́ kí ọkùnrin rékọjá ẹnu ọ̀nà iyàrá yìí. A mọ ìdí rẹ̀, nítorí àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ kò lè bo ara wọn tán. Aṣọ ìkélé àti àkókò tí a bá fi sí i lè yanjú èyí, kò sì tọ́ kí á fi ìtìjú tí aṣọ lè bò dí ohun tí ọmọ nílò láti wà láàyè.

Ibi tó le jù ni ọjọ́ tí wọ́n bá dá ọ̀kan sílẹ̀ tí wọ́n sì dá ìkejì dúró. Ìyá kò lè wà nílé kí ó tún wà ní ilé ìwòsàn. Āyah 233 tí a mẹ́nu bà ṣáájú, tí a sábà máa ń kà fún iye ọdún ìfọ́mọlọ́mú nìkan, ní ohun púpọ̀ láti sọ níbí. Ó gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá lé bàbá lọ́wọ́. Ó kọ̀ kí a ni ìyá lára nítorí ọmọ rẹ̀, ó sì kọ̀ kí a ni bàbá lára. Ó fi ìfẹnukò àti ìjíròrò àwọn méjèèjì ṣe ọ̀nà tí wọn yóò gbà pinnu. Nítorí náà, kì í ṣe ìyá ọkọ ni yóò pàṣẹ pé kí ìyá máa bá èyí tó ń bọ̀ wálé bọ̀, kì í sì í ṣe àbámọ̀ ni yóò dè é mọ́ ilé ìwòsàn. Ìyá tó ti sun orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọgọ́ta òru ní ẹ̀tọ́ pẹ̀lú. Bí ó bá gbé ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò tíì kọ ọmọ sílẹ̀.

Owó ńkọ́? A kò gbà pé ó yẹ kí òbí dá jókòó láti yan èyí tí owó yóò tó fún. Ìbéèrè yẹn kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, nítorí ìjọ Mùsùlùmí tó yí i ká ni ó ń jẹ gbèsè ìdáhùn rẹ̀. Àwọn onígbèsè wà lára ìsọ̀rí mẹ́jọ tí āyah 60 nínú Sūratut-Tawbah kà fún zakāh, ẹni tí ilé ìwòsàn kò jẹ́ kí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ nítorí owó kò sì nílò ẹ̀rí mìíràn pé onígbèsè ni òun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kan àwọn onímọ̀ ní tààrà. Nígbà tí omi ọmú ìyá kò bá tó, ìyá orí ibùsùn kejì a máa fún un ní tirẹ̀, àánú sì ni. Ìgbìmọ̀ Fíkíhì Àgbáyé tó jókòó ní Jeddah ní ọdún 1985 kọ̀ kí a dá ilé ìkówàrà-ọmú-jọ sílẹ̀ nínú àwùjọ Mùsùlùmí, nítorí ìbátan tí yóò dàrú. Ṣùgbọ́n ìyá tí a mọ̀, tó fún ọmọ tí a mọ̀, yàtọ̀ sí ìyẹn. Kí a sáà má gbàgbé pé lọ́nà ti Mālik, ó kéré ni, ó pọ̀ ni, omi ọmú tó bá dé inú ọmọ kí ó tó pé ọdún méjì ti sọ obìnrin náà di ìyá rẹ̀, ì báà gba ẹnu, ì báà gba imú. Rọ́bà kò yọ ọ́ kúrò. Ọmọ tí kò tíì wọ̀n tó ẹyẹlé méjì ti ní àwọn tí kò ní lè fẹ́ bí ó bá dàgbà, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún un báyìí: orúkọ obìnrin náà, ti ọkọ rẹ̀, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹbí méjèèjì mú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Nínú ọ̀rọ̀ ìbejì, ohun kan tún wà tí wọ́n sábà máa ń ṣe àṣìṣe sí. Ìbátan yìí kì í kọjá sí ara ọmọ ìyá ẹni tó mu. Bí Kẹ́hìndé bá mu tí Táíwò kò mu, Kẹ́hìndé nìkan ni ó di ọmọ obìnrin náà. Nítorí èyí, kí nọ́ọ̀sì tàbí bàbá má kọ "àwọn ìbejì" sínú ìwé yẹn. Orúkọ èyí tó mu ni kí wọ́n kọ.